Ọ̀dẹ̀, alákọrí, "ìyá ẹ": èwo ló wúwo jù l'Ékòó, kí ló sì mú un wúwo?

Atúmọ̀_Sùúrùlérè (8:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fíìmù ló bí ìbéèrè yìí. Tí ìyá kan nínú fíìmù bá pe ọmọ ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀, tí kọ̀ndọ́ pe dírẹ́bà ní alákọrí, tí ìyàwó ilé wá sọ fún orogún ẹ̀ pé "o ò ní kú ire", ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan náà ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé fi ń tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá á rò pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń bú ara wọn. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gan-an ni mò ń wá.

Èdè Òyìnbó tún dá kún un, torí ọ̀rọ̀ kan náà, "swear", ni wọ́n ń lò fún kéèyàn búra àti kéèyàn sọ ọ̀rọ̀ rírùn. Ọmọ Èkó ti gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi èpè kún un: "mo sùwẹ́à" ni ìbúra, "ó sùwẹ́à fún un" ni èpè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni ò ju yẹ̀yẹ́ lọ, èwo ló ń dá ìjà sílẹ̀, èwo ni òfin lè mú èèyàn fún? Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi bò.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó (8:47 àárọ̀)

Atúmọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń bàjẹ́.

Èébú ń sọ ohun tó o jẹ́: òmùgọ̀, ọ̀lẹ, òbùn. Èpè ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ: ààrá á sán pa ẹ́, o ò ní kú ire. Ìsọkúsọ ń dárúkọ ohun tó yẹ ká fi aṣọ bò. Ìbúra ní tiẹ̀, èpè tí èèyàn gbé karí ara ẹ̀ ni: "bí mo bá purọ́, kí Ògún pa mí." Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe to gbólóhùn náà, ó máa ràn yín lọ́wọ́. Èébú sábà máa ń ní "ni" nínú: ọ̀dẹ̀ ni ẹ́, òbùn ni wọ́n. Èpè máa ń ní "á" tàbí "kí" tàbí "ò ní", torí ọjọ́ iwájú ló ń bá wí. Ẹ lè fi èyí mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì kẹ́ ẹ tó ronú kan ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ohun tí èébú náà lọ fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ máa wò. Èyí tó bá kan ọgbọ́n nìkan fúyẹ́: ọ̀dẹ̀, sùègbè, mùmù, dìndìnrìn, òpònú. Ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yíjú wò wọ́n. Olódo, ẹni tó ń gba òdo nílé ìwé, wà níbẹ̀ náà. Èyí tó kan ìwà wúwo díẹ̀ sí i: òbùn, oníranù, ọ̀kánjúà. Àgbàyà wà lọ́tọ̀, torí pé àgbà nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba iyì ọjọ́ orí lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Nígbà tó bá ti kan orí, kì í ṣe ọpọlọ o, orí tí a yàn wá sáyé, eré ti parí. Olóríburúkú àti alákọrí wà níbẹ̀. Kádàrá ẹni ni wọ́n ń sọ pé kò dáa, ìyẹn ò sì ṣeé fi ẹ̀kọ́ tàbí owó tún ṣe.

Èyí tó wá wúwo jù lọ ni èyí tó fo ẹni tí wọ́n ń bú kọjá, tó lọ bá ìyá ẹ̀: ọmọ àlè, "ìyá ẹ!", wàká. Ọmọ àlè ò tiẹ̀ bú ọmọ. Ìyá ló ń bú, ó sì ń yọ ọmọ kúrò nínú oríkì àti ogún bàbá ẹ̀ nínú ẹ̀mí kan náà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ẹbí àti oyè ti ń tọ ìlà ìdílé, dúkìá ni ọ̀rọ̀ yẹn ń kàn. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí ẹ fi tú ọ̀dẹ̀ tú u láéláé.

Ọ̀kan tún wà tí àlejò kì í mọ̀ pé èébú ni: ará òkè. Ẹnu ọmọ Èkó àtijọ́ ló ti wá, fún ẹni tó ti ìlú òkè dé. Ó dà bí àlàyé lásán, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé "o ò mọ ìlú, o ò mọ̀wà hù". Àwọn orúkọ burúkú tí wọ́n fi ń pe ẹ̀yà mìíràn tún wà. Mi ò ní kọ wọ́n síbí. Nínú ìlú tí gbogbo ẹ̀yà ti ń gbé ògiri kan náà, ìjà ẹni méjì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ di ti àdúgbò.

Mọ́tò_Yábàá (9:20 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n ti to àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nínú dánfó, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra ló ṣe pàtàkì, torí ìjà kì í bẹ̀rẹ̀ láti "ìyá ẹ". Ṣéńjì ló sábà máa ń bí i.

Ká ní Yábàá sí Ọjọ́ta jẹ́ ₦400. Èrò méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí mú ₦500 wá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ndọ́ jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦100, àmọ́ ₦200 odindi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá so wọ́n pọ̀: "Bọ̀dá ẹlẹ́wù búlúù, ẹ̀yin àti àǹtí yẹn, igba náírà yín rèé." Ọ̀kan máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Onípanu, èkejì ń lọ dé òpin. Ẹni tó ń bọ́ọ́lẹ̀ ò ní ₦100 láti yọ fún èkejì, mọ́tò ò sì lè dúró pẹ́, àgbèrò ti ń gbá a lára. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń ròkè.

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ: "Kọ̀ndọ́, fún mi lówó mi." Lẹ́yìn náà wọ́n á kúrò lórí owó, wọ́n á bọ́ sórí ọpọlọ: "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Títí dé ibí, àwọn èrò á ṣì máa rẹ́rìn-ín. Tó bá di ti ara, ìyẹn imú, eyín, bí orí ṣe rí, aṣọ tó ti ṣá, ẹ̀rín á dín kù. Tí ẹnì kan bá wá sọ "ìyá ẹ!", gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọwọ́ ló kù.

Ohun tó ń pa iná náà kí ó tó dé ibẹ̀ ni kí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ sọ pé "Kọ̀ndọ́, bàbá ẹ nìyẹn o" tàbí "Àǹtí, àbúrò yín ni, ẹ fi sílẹ̀". Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń dá ipò àgbà àti ọmọdé padà sáàárín àwọn méjèèjì tó ti di ẹgbẹ́ ara wọn láti inú ìbínú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ìyá, kò ní ràn mọ́. Tí wọ́n bá so yín pọ̀, ẹ má dúró títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹnì kan fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú àti lẹ́yìn bóyá wọ́n lè bá yín ṣẹ́ ₦200 náà.

Atúmọ̀, ohun mìíràn tí ìwé ìtumọ̀ máa ń ṣì gbé: kọ̀ndọ́ tó yọ orí síta lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba tó ń pariwo "wèrè!" sí dírẹ́bà ọkọ̀ mìíràn ò bínú sí i. Bíi fèrè ọkọ̀ ni èébú yẹn. Ó ń sọ pé "mo ti rí ẹ, má wọlé". Ẹ tú u bí ìkìlọ̀.

Tíṣà_Ṣómólú (10:05 àárọ̀)

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ, àmọ́ mi ò gbà pé olódo fúyẹ́. Ó fúyẹ́ láàárín àgbàlagbà méjì. Lẹ́nu olùkọ́ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wúwo ju alákọrí lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n ní kó wá sọ bó ṣe mọ̀wé tó ló sọ ọ́.

Bó ṣe ń bàjẹ́ nìyí. Olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú kíláàsì. Kó tó di àkókò ìsinmi, àwọn tó kù ti sọ ọ́ di orúkọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò ní náwọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, olùkọ́ ò sì ní mọ ibi tó ti ń ṣìṣe, torí ẹni tí kì í dáhùn kì í jẹ́ ká rí àṣìṣe ẹ̀. Lẹ́yìn táàmù kan, ó ti di olódo lóòótọ́.

Iṣẹ́ ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá ọmọ wí. "Ìṣirò kẹta yìí ò tọ̀nà, padà sí ìlà kejì, wo ibi tó o ti gbé ẹyọ kan." Gbólóhùn yẹn gùn ju olódo lọ, ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó ti rẹ̀ kì í fi sọ ọ́. Bákan náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, ò dáàbò bo ara ọmọ nìkan. Ó dáàbò bo ọkàn àti iyì ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ ti pàṣán nínú òfin yẹn, wọn ò mọ ti ẹnu.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó (10:18 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ jàre mi. Àárín àgbà sí àgbà ni mò ń wò. Ẹ bá mi fi kún un pé láti òkè wá sílẹ̀, èébú ń pọ̀ ní ìwọ̀n.

Àǹtí_Balógun (11:02 àárọ̀)

Ẹ ti to àwọn ọ̀rọ̀ tán, ẹ fi èyí tó lè pa èèyàn sílẹ̀: olè.

Nínú ọjà, oníbàárà tí iye ọjà ya lẹ́nu lè rẹ́rìn-ín kó ní "Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù yìí, olè ni yín o!" Eré ni lójú àwọn méjèèjì. Àmọ́ ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù karùn-ún ò gbọ́ ẹ̀rín náà, olè nìkan ló gbọ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ẹnìkan ti ń béèrè "Olè dà?", alábàárù ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹni tó bá sì ń yára rìn ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, níbi tí èèyàn ti ń fi èjìká kan èjìká, kò sẹ́ni tó ń dúró wádìí.

Tí ọjà bá wọ́n, ẹ ní "ó ti wọ́n jù", "ẹ bá mi dín in", "owó mi ò ká a". Tí olè bá ti jáde lẹ́nu yín ní àṣìṣe, ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ náà ni kẹ́ ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀ pé "kò sólè o, eré là ń ṣe", kí ohùn kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì nawọ́ sí, kó má sáré rárá, torí sísá ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Kó wọ ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ọn jù, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún, kó ní kí wọ́n pe ìyálọ́jà tàbí ọlọ́pàá.

Àjẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún arúgbó obìnrin. Ẹ̀sùn ni olè àti àjẹ́, wọn kì í ṣe èébú.

Agbẹjọ́rò_Yábàá (12:31 ọ̀sán)

Ibi tí Àǹtí fẹsẹ̀ lé yẹn ni òfin náà fẹsẹ̀ lé. Atúmọ̀ béèrè èyí tí òfin lè mú èèyàn fún, bó ṣe rí nìyí.

Èébú ìjà lásán kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́ lójú òfin. Ẹjọ́ kan wà tí àwa lọ́yà máa ń tọ́ka sí, ti ọdún 1959, ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà: ẹnìkan pe ẹnìkejì ní olè àti ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní Yorùbá, láàárín ìjà. Ilé ẹjọ́ ní irú ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń jà máa ń sọ síra wọn ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó máa gbà á sí òótọ́. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló gba olùjẹ́jọ́ là. Ẹni tó bá fi ohùn tútù sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀gá ẹni níbi iṣẹ́ ò lè sá sábẹ́ ẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, olùpẹ̀jọ́ ní láti fi hàn pé ó pàdánù nǹkan, àyàfi ní ọ̀nà mẹ́rin tí òfin ti gbà pé wọ́n burú fúnra wọn: kéèyàn ní ẹnìkan dá ọ̀ràn tó lè gbé e dẹ́wọ̀n, kó ní ó ní àrùn tó ń ran èèyàn, kó ní kò yẹ fún iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí kó ní obìnrin kan jẹ́ alágbèrè. Tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ẹ kọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ti di ìwé. Kò sí ohùn ìjà nínú ẹ̀, ó sì máa wà níbẹ̀ lọ́la. Àwọn tó ń sọ pé "èébú lásán ni mo kọ" kì í rántí èyí.

Òfin Cybercrimes ti 2015, ní apá 24, tẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ gbòòrò mú ọ̀rọ̀ tó ń bí èèyàn nínú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n sì mú un rọ̀ mọ́ àwòrán ìhòòhò àti irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹnìkan sínú ewu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti àtijọ́ dẹ́rù bà yín nítorí pé ẹ pè é ní ọ̀dẹ̀.

Àjẹ́ ní apá tirẹ̀: Criminal Code ìjọba àpapọ̀, apá 210, sọ ọ́ di ọ̀ràn láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn. Nínú ilé pẹ̀lú, òfin Èkó ti 2007 lórí ìwà ipá abẹ́lé ka èébú tí kì í dáwọ́ dúró mọ́ ìwà ipá. Aya tàbí ọkọ tí wọ́n ń fi ẹnu pa lójoojúmọ́ ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí wọ́n bá gbá a létí kó tó lọ gba ìwé ààbò nílé ẹjọ́.

Ọmọ_Àgége (12:50 ọ̀sán)

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba tàwa ọ̀dọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá ní "wèrè ni bọ̀bọ́ yìí" lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, oríyìn ni. "O burú" náà bẹ́ẹ̀. Ṣégè gan-an, tó jẹ́ ọmọ àlè lédè Haúsá, ti di ìyà l'Ékòó: "ojú mi rí ṣégè."

Atúmọ̀_Sùúrùlérè (1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an ni. Méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Nínú fíìmù, ìyá tí inú ń bí á na ìka sí ọmọ, á ní "O ò níí kú! Orí ẹ ò níí burú!" Àwọn kan ń tú u bí èpè, àwọn kan bí àdúrà. Èwo ni? Èkejì: èébú tí ò ní ọ̀rọ̀ nínú, báwo la ṣe ń kọ ọ́?

Ìyá_Èbúté_Mẹ́tta (2:40 ọ̀sán)

Méjèèjì ni, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún un.

Ìyá mọ̀ pé èpè òun lágbára. Ikùn tó gbé ọmọ àti ọyàn tó fún un mu ni wọ́n ń fi gégùn-ún tí ọ̀ràn bá le, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, tí ìbínú bá gbé e dé ẹnu èpè, ó máa sọ èpè náà lódindi, kó wá fi "ò níí" sí i láàárín. Ẹ gbọ́ wọn: "o máa kú" di "o ò níí kú", "wèrè á ya ẹ́" di "wèrè ò níí ya ẹ́". Ọ̀rọ̀ èpè pé síbẹ̀, ohùn èpè pé síbẹ̀, ìka tó nà pé síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ò sí níbẹ̀ ni èpè. Ọmọ tó gbọ́ ọ mọ bí inú ìyá ẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó, ara sì tún tù ú pé wọ́n ò ṣépè fún òun. "Olóríire!" náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olóríburúkú ló wà lẹ́nu kó tó yí i padà. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa kọ àdúrà náà sábẹ́ fíìmù bó ṣe wà, mo sì máa jẹ́ kí ojú ìyá náà sọ ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti "o" àti "ẹ" kún un, torí pé ó jù gbogbo ohun tí ẹ ti kọ látàárọ̀ lọ lójú tèmi. Ọmọ ogún ọdún tó sọ fún ìyá ọgọ́ta ọdún pé "Ṣé o ti jẹun?" ti bú u. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan nínú gbólóhùn yẹn, kódà ìtọ́jú ló wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ inú ìyá náà ò ní dùn tí oúnjẹ ọ̀hún bá dé. Ẹ wá gbọ́ èrò ọkọ̀ tó ń bú àgbàlagbà pé "wèrè ni yín o!" Ó ti pè é ní wèrè, síbẹ̀ kò lè mú ẹnu ẹ̀ sọ "ẹ́". Tí inú bá wá bí i dé góńgó, tó yí i sí "wèrè ni ẹ́", ẹ ó rí i pé àwọn tó wà níbẹ̀ á yíjú. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà, "yín" ló lọ. Tí ẹ̀yin olùtumọ̀ bá lè rí ọ̀nà mú ìyẹn jáde, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ní ti àìsọ̀rọ̀: òṣé gígùn àti kúkurú ò rí bákan náà. Obìnrin tí epo dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ á fa ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fa atẹ́gùn wọlé láàárín ahọ́n àti eyín, tíì, ó parí. Ara ẹ̀ ló ń bá wí. Tó bá fà á gùn, tó fi ojú tẹ̀lé ẹnìkan láti orí dé ẹsẹ̀, tó wá gbé ojú kúrò kí òṣé náà tó parí, ẹni yẹn ni wọ́n bú. Ọmọdé kì í pòṣé níwájú àgbà rárá, ìbáà jẹ́ epo ló dà. Yínmú ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ẹni ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kí ẹni kẹta lè rí i. Wíwo ẹni lápákan, kíkọ ìdí síni, nína owó síni lọ́wọ́ òsì, gbogbo wọn wà níbẹ̀, kò sì sí òfin lọ́yà kankan tó lè mú wọn.

Alfa_Múṣin (4:26 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti sáré kọjá lórí ìbúra, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù lójúmọ́. "Wàláhì, iye tí mo rà á nìyẹn." Kùránì, súrà karùn-ún, ẹsẹ 89, pín in sí méjì: ìbúra tó kàn bọ́ lẹ́nu láìpète, Ọlọ́run ò ní bi èèyàn nípa ẹ̀, èyí tí èèyàn pète, tó wá yẹ̀ ẹ́, ó ní ìtánràn. Kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kó fi aṣọ wọ̀ wọ́n, tàbí kó dá ẹrú kan sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí èyíkéyìí ṣe á gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ń sáré lọ síbi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta torí pé ó rọrùn jù, àmọ́ ẹni tí kò lágbára àti bọ́ ẹni mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún. Kéèyàn sì búra irọ́ lórí ohun tó ti kọjá, bí iye tí wọ́n ra ọjà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ìyẹn kọjá ìtánràn, ìrònúpìwàdà ló gbà.

Ti àwọn Kristẹni wà nínú Mátíù 5:34 sí 37: ẹ má búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni yín jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fi irin Ògún búra, ilé ẹjọ́ wa sì gbà á. Ní gáréèjì, ẹni tó ti fi ìwé mímọ́ búra láìronú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú tí wọ́n bá gbé sípánà sí i níwájú, torí irin ni ọkọ̀ tó ń wà lójoojúmọ́.

Mọ́tò_Yábàá (4:41 ìrọ̀lẹ́)

Alfa sọ òótọ́. Tí owó bá sọnù nínú gáréèjì, irin ni wọ́n máa ń béèrè.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àtúnṣe, torí ibẹ̀ ni èébú àti èpè ti pínyà pátápátá.

Ẹni tó bú àgbà á wá ẹnì kan tó ju ara ẹ̀ lọ mú dání. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹni tó mú dání ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́ ni àlàyé. Bó bá ti ní "ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́…", ó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà kejì. "Ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣì í" tó. Kó dúró sílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó dìde.

Èpè ò gba "ẹ má bínú" nìkan. Ẹnu tó ṣe é ni yóò tú u. Ẹlòmíràn lè gbàdúrà, àmọ́ ọkàn ẹni tí wọ́n ṣépè fún ò ní balẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ohùn kan náà tó ń súre. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lọ bẹ ẹni tó ṣépè, kódà nígbà tó jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Àwọn tó ń dáhùn pé "ó padà sọ́dọ̀ ẹ" ní ìdákejì ń dá kún un ni, èpè méjì ló wá wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní èpè pọ̀ ju ohun tó nù. Abẹ́rẹ́ sọnù, a gbé ṣẹ́ẹ́rẹ́ Ṣàngó. Kí wọ́n tó tú u, wọ́n á kọ́kọ́ wo iye ohun tó fà á.

Ìyá_Èbúté_Mẹ́tta (5:58 ìrọ̀lẹ́)

Atúmọ̀, kí n má gbàgbé ìsọkúsọ. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ohun ìkọ̀kọ̀ nítorí àìsàn tàbí ẹjọ́ á kọ́kọ́ ní "ẹ forí jì mí o". Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò lo èyí tí wọ́n fi aṣọ bò: ojú ara, abẹ́, nǹkan ọmọkùnrin. Tí ẹ bá fo "ẹ forí jì mí" náà nínú ìtumọ̀, ẹ ti sọ obìnrin tó mọ ẹ̀kọ́ di ẹlẹ́nu jíjò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ rírùn. Ìró "dó" tí ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sọ nílé wà lára ibùdókọ̀ tí gbogbo wa ń dúró sí, kò sì sẹ́ni tó ń tijú níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kọrin kiri ìgboro, lọ́mọdé lágbà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó tán di ọdún tó ń bọ̀.

Atúmọ̀_Sùúrùlérè (7:10 alẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò. Mo ti ń tún un ṣe: "wèrè!" tí kọ̀ndọ́ pariwo ti di ìkìlọ̀, ọmọ àlè ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀, "o ò níí kú" ti di àdúrà bó ṣe wà. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Obìnrin na ìka márààrún síta, ó ní "wàká!" Kí ni kí n kọ?

Mọ́tò_Yábàá (7:22 alẹ́)

Láti inú "uwaka" ti Haúsá ló ti wá, "ìyá ẹ" ni. Tó bá na ọwọ́ láìsọ̀rọ̀, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́. Tó bá sọ ọ́, ẹ kọ "ìyá ẹ", kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá tí ọwọ́ náà ṣí, kó má ṣáájú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n nà án sí ti gbọ́ ọ láti ìgbà tí ìka ti ń ṣí.

Atúmọ̀_Sùúrùlérè (7:25 alẹ́)

Mo ti gbé e sún mọ́ ọwọ́. Ó bára mu.